Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ló fún òpójẹ̀ ọmọ mi pọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́ Àgbà. Aránṣọ ni mí ní Ìṣẹ́yìn. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́ta, ó yá mọ́ni gan-an, kò sí àlejò tí kì í dì mọ́. Lóṣù tó kọjá, dókítà ní àrùn Williams ló ń ṣe é: ibi tí òpójẹ̀ ńlá ti jáde láti inú ọkàn rẹ̀ há, torí pé ohun kan tó ń jẹ́ elastin kò tó lára rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tí mo ń tẹ̀ títí oyún fi pé oṣù mẹ́jọ ló fún ọmọ pọ̀ nínú. Látìgbà náà ni n kò ti rí oorun sùn. Ṣé èmi ni mo fà á?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ sùn ná, kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ mọ rọ́bà ìdí ṣòkòtò jù mí lọ. Tí ẹ bá tú u, òwú ni wọ́n hun yí rọ́bà tín-ín-rín ká. Ti ara náà jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òwú ló ń ṣáájú. Láti ìgbà tí ọlẹ̀ ṣì kéré jọjọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń ta òwú fibrillin sílẹ̀. Elastin á wá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà, lára òpójẹ̀, nínú ẹ̀dọ̀fóró àti lára awọ. Ìparí oyún àti ìgbà èwe ni ara ń hun èyí tó pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n hun fún mi nígbà náà ni mo ṣì ń lò ní ẹni ọdún 71.

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì, mo máa ń ra ọkàn màlúù lọ́wọ́ alápatà, n ó ní kó má gé òpójẹ̀ funfun orí rẹ̀ dànù. A ó gé e bí òrùka, a ó fi ìka méjì fà á: á gùn, a jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sáyè rẹ̀. Okùn pípọ́n bí ìyeyè tó wà lẹ́yìn ọrùn màlúù, elastin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Pọ̀nmọ́ á rọ̀ bó bá pẹ́ lórí iná. Òun kò ní rọ̀. (Ìyàwó mi dán an wò. Gáàsì wa ló gbé e jẹ.)

Ṣùgbọ́n elastin kì í ṣe rọ́bà lásán. Òun ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì iṣan tó yí òpójẹ̀ ká pé ó tó, ẹ dúró. Lọ́dún 1998, Dean Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú kí wọ́n bí eku tí kò ní elastin rárá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń pọ̀ sí i ṣáá, wọ́n dí òpójẹ̀ látinú, kò sì sí ọmọ eku tó lò tó ọjọ́ 5. Wọ́n tiẹ̀ gbé òpójẹ̀ irú eku bẹ́ẹ̀ sínú abọ́, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti lè tì í. Ó ṣì dí. Ẹ ka ibí yìí sétí ìyá ọkọ yín: kò sí ohun tó fún un pọ̀ láti ìta.

Ọmọ yín ní elastin o, ìdajì ló ní. Ẹ̀dà méjì ló yẹ kí apilẹ̀ àbùdá tó ń ṣe é ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú àrùn yìí, ègé kan já lára okùn àbùdá tí ọ̀kan nínú ẹ̀dà méjèèjì wà lórí rẹ̀, ó sì kó òun àti àwọn apilẹ̀ àbùdá bíi 25 tó tò tẹ̀ léra lọ. Ìgbà tí ẹyin tàbí àtọ̀ ń dá ara rẹ̀ ni èyí sábà ń ṣẹlẹ̀, oyún kò tíì dúró rárá. Ó sì lè jẹ́ láti ara ọkọ yín. (Ẹ má fi ìyẹn bá ìyá ọkọ yín jà.)

Ẹ bi dókítà bí ibẹ̀ ṣe há tó, àti ìgbà tí wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ kídìnrín àti kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò; ẹ má fúnra yín ra fítámì D fún un. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fún un ní oògùn oorun nítorí iṣẹ́ abẹ, ì báà ṣe eyín lásán, ẹ tètè sọ fún wọn pé àrùn Williams ń ṣe é, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kàn án.