Alámọ̀ lórí kọ̀ǹpútà: kí ló dé tí mo wá ọ̀rọ̀ tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà. Mo ti fi fóònù gba alámọ̀, ewì tí àwọn obìnrin Èkìtì máa ń fi ohùn ké, sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá wa, gbogbo rẹ̀ tó wákàtí 14. Èmi àti àbúrò mi ti tẹ díẹ̀ sínú Word. Nígbà tí mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi wá “ọkọ́”, mẹ́ta péré ló mú wá, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó ju ogún lọ. Sọ́fítíwíà wo ló lè bá mi ṣe é? Kọ̀ǹpútà mi ò lágbára, owó dátà sì ti ń sú mi.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dáńlóòdù nǹkan kan. Àwọn lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bí wọn ò bá dọ́gba, kò sí sọ́fítíwíà tó lè rí ohun tí ẹ ń wá.

Lójú wa, ọ́ kan ṣoṣo ló wà. Ṣùgbọ́n Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò fún ọ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ńṣe ni à ń tò ó pọ̀. Ẹnì kan á tẹ ọ (1ECD), á wá fi àmì ohùn òkè (0301) lé e. Ẹlòmíì á tẹ ó (00F3), á fi àmì ìsàlẹ̀ (0323) sí i. Àwọn mìíràn ń lo igi kékeré tó nàró lábẹ́ lẹ́tà (0329) dípò àmì tótó. Èyí tó burú jù ni kí èèyàn tẹ ó lásán, kó wá fi Word fàlà sí i nídìí. Ilà yẹn kì í ṣe lẹ́tà rárá. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni kọ̀ǹpútà lè kà á sí. Bí ẹ̀yin àti àbúrò yín bá lo kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ni “ọkọ́” yín pọ̀ jù lọ ti há.

Láti mọ èyí tí ẹ ní, ẹ fi kọ́sọ̀ (igi tó ń ṣẹ́jú níbi tí ẹ ti ń tẹ̀wé) sẹ́yìn ọ́ nínú Word, kí ẹ tẹ Alt àti X pọ̀. Bí 0301 bá yọ, ó sábà máa ń dára. Bí 0323 tàbí 0329 ni, àtúnṣe rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 00F3, ilà abẹ́ lẹ́tà ló ń tàn yín. Ẹ tún tẹ Alt àti X, lẹ́tà á padà.

Ilà abẹ́ lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò, torí yóò pòórá tí ẹ bá ti fi iṣẹ́ náà pamọ́ sí .txt. Ẹ tẹ Ctrl àti H, ẹ ní kí Word wá ó tó ní ilà nídìí, kó fi ọ́ tí kò ní ilà rọ́pò rẹ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún o, ó, ò, e, é, è àti s, lẹ́tà kékeré àti ńlá, kí ẹ sì máàkì Match case. Tí ẹ bá ti fàlà sí àkọlé kankan, ẹ kọ́kọ́ pa ilà yẹn rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Word á yí àwọn lẹ́tà rẹ̀ náà padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi í pamọ́ sí Plain Text (.txt), kí ẹ sì mú UTF-8, ọ̀nà ìfipamọ́ tó gba gbogbo lẹ́tà Unicode. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sí Windows Default, àmì ìbéèrè ni púpọ̀ nínú lẹ́tà wa á dà, kò sì ní padà mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì náà sínú fódà kan tó ń jẹ́ alamo, kí ẹ wá fi Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣe èyí lórí ẹ̀dà náà:

import unicodedata, pathlib
for f in pathlib.Path("alamo").glob("*.txt"):
    t = f.read_text(encoding="utf-8-sig").replace("\u0329", "\u0323")
    f.write_text(unicodedata.normalize("NFC", t), encoding="utf-8")

Ìlà mẹ́rin yìí ló ń sọ gbogbo ọ́ di oríṣi kan.

Ó wá kan sọ́fítíwíà. Fún wíwá ọ̀rọ̀, AntConc tó: Laurence Anthony ti Yunifásítì Waseda ní Japan ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò dátà tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà tán. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ ṣá. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀, ìyẹn Token Definition, ẹ fi Mark (àwọn àmì) kún Letter (àwọn lẹ́tà) kí ẹ tó kó àwọn fáìlì yín wọlé. Tí ẹ kò bá ṣe é, àmì ohùn orí ọ àti ẹ kò ní wọ inú ọ̀rọ̀: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan náà, nígbà tí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun á gé sí méjì, “ọ” àti “kọ”. Kò ní ṣe ilé tàbí owó ní nǹkan kan, nítorí é àti ó ní nọ́ńbà tiwọn. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí kì í fi í tètè hàn.

Fún ohùn tó kù láti tẹ̀, ẹ lo ELAN, iṣẹ́ Max Planck Institute for Psycholinguistics ní Nijmegen. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ó ń so gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ìṣẹ́jú tí ìyá náà sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi Audacity, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe ohùn, sọ ohùn di WAV, irú fáìlì ohùn tí wọn kò fún pọ̀. Bí fóònù yín bá gbà á ní m4a, Audacity á nílò àfikún kan tó ń jẹ́ FFmpeg kó tó lè ṣí i. WAV mono, 44.1 kHz, bíìtì 16, ń gba bíi MB 5 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà wákàtí 14 yín á gba bíi GB 4.5. WAV kò ní dá ohun tí fóònù ti gé sọnù padà o, nítorí náà ẹ má pa fáìlì fóònù rẹ́. Tí ẹ bá gbé ohùn kúrò ní fódà tó wà, ELAN á béèrè ibi tó lọ. Ẹ kàn tọ́ka sí i.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tún Èkìtì wọn kọ. Bí ìyá bá sọ “ulé”, “ulé” ni kí ẹ tẹ̀ sí tier àkọ́kọ́ nínú ELAN (tier ni ìlà tí ẹ ń tẹ ọ̀rọ̀ sí lábẹ́ ohùn). Ẹ wá ṣí tier kejì sábẹ́ rẹ̀, ẹ yàn án sí Symbolic Association, kó lè so mọ́ ti àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ “ilé” síbẹ̀. Ẹni tó mọ Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan á lè wá “ilé”, á sì bá ohùn ìyá náà pàdé bó ṣe sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí AntConc, ẹ lo Export As, Tab-delimited Text, tier kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan láìsí àkókò, UTF-8. Kí ẹ sì tún fi Python yẹn fọ̀ ọ́.

Àwọn sọ́fítíwíà tó ń gbọ́ ohùn tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, bíi Whisper, ka Yorùbá mọ́ èdè tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi alámọ̀ Èkìtì lé wọn lọ́wọ́. Etí yín ló máa ṣe èyí.