Mo fẹ́ fi pákó pín àpótí oyin gígùn sí méjì, báwo ni kí n ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Kuje ni mo ti ń sin oyin, nínú oko kajú ọkọ mi. Káfíńtà kan ní Gwagwalada bá mi kan àpótí oyin gígùn, ó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà ní ìpẹ̀kun kan. Oyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀. Mo fẹ́ fi pákó dá a sí méjì kí n lè ní agbo oyin méjì láìra àpótí mìíràn. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ibo ni ẹnu ọ̀nà kejì yóò wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o, ìyá wa. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Àpótí gígùn gan-an ló rọrùn jù fún iṣẹ́ yìí, torí ẹ kò ní máa gbé àpótí wúwo kúrò lórí òmíràn kí ẹ tó rí àwọn ọmọ oyin. Ṣùgbọ́n orí pákó ìdábùú yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí kò bá dí pinpin, àwọn oyin yóò tún para pọ̀, wọ́n sì lè pa ìyá oyin kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi rúlà wọn àwọn igi tí oyin ń kọ́ afárá sí lábẹ́. Fún oyin tiwa níhìn-ín, kí igi kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 32. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí àwọn káfíńtà ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oyin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n yà á fún. Ara tiwọn tóbi ju ti tiwa lọ, mìlímítà 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò. Bí igi bá fẹ̀ jù, oyin yóò kọ́ afárá gba abẹ́ igi méjì mẹ́ta kọjá. Ẹ gbé ẹyọ kan, mẹ́ta ló máa ya, oyin á dà sílẹ̀, ìyá oyin sì lè kú síbẹ̀. Bí tiyín bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in lọ́dún yìí. Ẹ máa fi ọ̀bẹ tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ nígbà ìkórè. Bí igi bá pé ìwọ̀n, àpótí yín yẹ kó gba bíi igi 36, kí àyè pákó ìdábùú tún ṣẹ́ kù.

Kí káfíńtà fi ìwọ̀n tó fi kan àpótí náà gé pákó ọ̀hún. Bí ẹ̀gbẹ́ àpótí bá dà gẹ́rẹ́ wọnú nísàlẹ̀, bíi ti àwọn tí wọ́n gbé jáde ní Kẹ́ńyà, kí ti pákó náà dà bẹ́ẹ̀. Àlàfo tó bá tó mìlímítà 6, oyin lè gbà á kọjá. Èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn yóò fi oje igi dí i. Síbẹ̀, ẹ yọ́ ìda sí etí rẹ̀ yíká, kí orí rẹ̀ sì bá orí àwọn igi dọ́gba kí wọ́n má bàa gba òkè.

Ìpẹ̀kun kejì ni kí ẹ gbẹ́ ẹnu ọ̀nà tuntun sí, kó kọjú sí òdì kejì ti àkọ́kọ́. Ìyá oyin tuntun máa ń jáde lọ pàdé akọ oyin lójú ọ̀run. Bí ẹnu ọ̀nà méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó lè ṣì wọlé, wọ́n á sì pa á. Ẹ kun ọ̀kan ní búlúù, ẹ kun èkejì ní yẹ́lò. Ẹ má lo pupa, oyin kì í rí i.

Ẹ ṣí àpótí láàárín aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti fín wọn ní èéfín. Kí oòrùn wà lẹ́yìn yín kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ ìdí ihò afárá. Ẹyin tuntun funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán. Ẹ jẹ́ kí afárá kọ́ sísàlẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò já. Ẹ má fi àkókò ṣòfò wá ìyá oyin, oyin tiwa máa ń sáré káàkiri. Kí apá méjèèjì ṣáà ní afárá tí ẹyin wà nínú rẹ̀, èyí tí ọmọ oyin wà, àti èyí tí oyin jíjẹ wà, kí apá tí kò bá ní ìyá lè fi ẹyin náà tọ́ ìyá tuntun. Gbogbo oyin tó ń jáde lọ sóko ni yóò padà sí ẹnu ọ̀nà àtijọ́, nítorí náà ẹ gbọn oyin afárá méjì tàbí mẹ́ta kún apá tuntun.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ọjọ́ 3 ni ẹyin fi ń di ìdin, torí náà apá tí ẹ bá ti rí ẹyin ni ìyá oyin wà. Ní apá kejì, ẹ ó rí ilé ìyá oyin tó dorí kodò bí ẹ̀pà tí a kò tíì pa. Bí kò bá sí, ẹ fún wọn ní afárá ẹlẹ́yin mìíràn. Bí ó bá wà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyá tuntun yóò jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 13 lẹ́yìn ìpín, yóò lọ pàdé akọ, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Bí ẹ bá ń yọjú sí wọn ṣáá, wọ́n lè kó lọ.

Nípa àkókò, ẹ dúró kí òjò lọ, kí kajú àti máńgòrò máa yọ òdòdó, kí ẹ sì rí akọ oyin nínú àpótí. Igi òrí àti igi irú yóò tún wá gbé wọn ró. Láàárín òjò, ebi ló máa pa ìdajì tó kéré.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má jẹ́ kí agbo méjèèjì pẹ́ nínú àpótí kan. Oyin tiwa ń ta gan-an, bí ẹ bá ṣí apá kan, èkejì á bínú pẹ̀lú. Nígbà tí ìyá tuntun bá ti ń yé dáadáa, ẹ wá àpótí fún un. Ní alẹ́, ẹ kó àwọn igi apá tirẹ̀ sínú àpótí tuntun náà, ẹ gbé e lọ síbi tó jìnnà ju kìlómítà 3 lọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí àwọn tó ń jáde lọ sóko má bàa padà sójú ilé àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e padà sí oko kajú, kó jìnnà sí ilé àti ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́.