Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yẹ kí ọmọ kékeré kọ́kọ́ mọ̀

Ìyá wa tí ó kọ̀wé láti Àjàṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín, ọmọ ọdún 4, yóò lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Èkó, pé wọ́n fún yín ní ìwé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 220, ẹ sì ń béèrè bóyá ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọ́bí mi ní Kétu níhìn-ín, ní ilẹ̀ Benin, oṣù méje gbáko ni mo sì fi ṣòfò.

Edward Dolch, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan, ni ó kó ọ̀rọ̀ 220 náà jọ ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1936. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ni ó ṣe é fún, kí ojú wọn lè tètè dá àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé mọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan nínú rẹ̀, nítorí ọ̀tọ̀ ni ó to ọ̀rọ̀-orúkọ 95 sí. «The», «of», «was»: èwo ni ọmọ Kétu yóò fọwọ́ kàn nínú wọn? Ọmọ mi ń kà wọ́n lára ògiri bí ẹni ń ké ewì. Ní ọjọ́ kan, àlejò wa láti Ìmẹ̀kọ to ọsàn mẹ́ta síwájú rẹ̀, ó ní «How many?» Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti «one», ó kà á dé «twenty», kò tilẹ̀ wo ọsàn náà. Ó dùn mí wọra.

Ìdí odò ìwẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èkejì. Bí mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo máa ń wí pé «wash your hand». Bí ó bá na ọwọ́ sí ife, «cup», «more water», lójoojúmọ́, níbi kan náà. Nígbà tí ó pè é ní «kọ́ọ̀bù», n kò bá a wí, nítorí kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ nínú èdè wa. Mo kàn tún un pè bí ó ti yẹ ni. Bákan náà ni «he» àti «she», tí «ó» kan ṣoṣo ń dúró fún lẹ́nu wa: ó pẹ́ kí ó tó yé pe ìyá mi ní «he». Ẹ fi àwọ̀ àti òǹkà sílẹ̀ ná.

Bí ọmọ yín bá máa kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwé níhìn-ín kí ó tó lọ sí Èkó, ìwé kíkà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí Faransé ni wọn yóò kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé wa. Nígbà tí èkejì mi rí «pain», ìyẹn ìrora, nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan, búrẹ́dì ni ó kà á sí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Faransé ṣe ń kọ búrẹ́dì, ó sì bi mí ìdí tí ọmọ inú àwòrán náà fi di ikùn mú, tí ó ń sunkún. Ọjọ́ náà ni mo ká ìwé Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀. Etí àti ẹnu nìkan ni a fi ń ṣe é nílé wa títí ó fi ka Faransé já gaara.