Ẹ Bi Púlọ́ńbà: Ṣé dandan ni kí wọ́n hú páìpù bàbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lọ́dún 1976 ni bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ ilé wa lẹ́bàá ọjà Atákúnmọ́sà, páìpù bàbà ni wọ́n sì fi fa omi rẹ̀. Fáàfù ṣáwà tó wà nínú ògiri ti ń jò, kò ṣeé tì pa mọ́. Ọmọ mi fi tuntun ránṣẹ́ láti London. Púlọ́ńbà tí mo pè ní àfi ká hú gbogbo bàbà náà, ká fi oníke rọ́pò rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àmójútó ilé. Kì í ṣe òótọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni yóò kó bàbà náà lọ. Àwọn tó ń ra kòndẹ́mù mọ iye tó wà lórí bàbà, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Bí páìpù ò bá tíì lu, tí oríkèé rẹ̀ ò sì dípẹtà aláwọ̀ ewé, èmi ò ní fọwọ́ kàn án.

Kó wọn páìpù náà láti ìta dé ìta. Ti London sábà máa ń gba mìlímítà 15. Bó bá jẹ́ irú ti Amẹ́ríkà ni wọ́n rì sínú ògiri yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16, kò ní wọlé.

Nọ́ọ̀tì àti òrùka idẹ ṣeé fi so ó, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ á ti tó o lọ́la ni mo ti ń lò wọ́n. Ibi tí wọ́n máa fi táìsì bò, ẹ jẹ́ kó jó o. Kó yọ inú fáàfù náà sílẹ̀ kí iná tó dé ibẹ̀, rọ́bà ló wà níbẹ̀. Kó fi sáńpépà ha ẹnu páìpù títí á fi máa dán, kó fi pásítì tí wọ́n fi ń jó páìpù pa á. Oríkèé ni kó fi iná sí, kì í ṣe wáyà sọ́dà, ìyẹn wáyà tí iná ń yọ́ láti fi lẹ páìpù pọ̀. Bó bá ti gbóná tó, tó fi wáyà kàn án, ẹ ó rí i tí sọ́dà á sáré wọlé fúnra rẹ̀, tí yóò yí ẹnu ibẹ̀ po bí òrùka fàdákà. Sọ́dà tí kò ní òjé nínú ni o, torí omi tí ẹ ń mu ń gba ibẹ̀ kọjá.

Bí omi bá ṣẹ́kù nínú páìpù, kò ní jó. Omi ò ní gbóná kọjá digírì 100, sọ́dà yẹn sì ń fẹ́ ju 200 lọ kó tó yọ́. Tí gèéètì fáàfù táńkì bá ti gbó, tí omi ń kán ṣáá, inú búrẹ́dì Agége ni mo máa ń kì bọ páìpù, láìsí èèpo. Ó ń dá omi dúró fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà omi á tú u jáde. Kí orí ṣáwà má tíì sí níbẹ̀ nígbà náà, kó má baà dí i.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju bàbà lọ ni táńkì yín. Mítà kan gíga ò fún omi ní ju 0.1 bar lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Bí táńkì bá fi mítà mẹ́ta ga ju ṣáwà, 0.3 nìyẹn. Ẹ wo ara páálí fáàfù tuntun náà: bó bá béèrè 1 bar, omi á kàn máa kán tó-tó-tó ni. Ẹ ra pọ́ǹpù, tàbí kí ọmọ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣí omi sí i, kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ tó pe onítáìsì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè so bàbà mọ́ páìpù onírin àtijọ́? — Bàbá Ṣọlá, Modákẹ́kẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ fi oríkèé idẹ sáàárín wọn, sà. Bí bàbà bá fara kan irin nínú omi, irin ló máa jẹ ìyà rẹ̀, kíá ni yóò dípẹtà.