Nọ́ọ̀sì lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó dé, nǹkan ò yí padà: kí la máa ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré ni mo ní ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo rán méjì nínú àwọn nọ́ọ̀sì mi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n kó ìwé dé, wọ́n tún kó ọ̀rá aláàmì tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá ọlọ́mọ láti fi wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà dé. Oṣù mẹ́ta rèé, inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ̀rá náà ṣì wà, ojú la ṣì fi ń wo ẹ̀jẹ̀. Báwo ni màá ṣe mú wọn lò ó, báwo ni màá sì ṣe mọ̀ pé ó dáa ju bá a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ? (Mátírọ̀n, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Mátírọ̀n wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìyá àtọmọ. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, pàápàá èyí tẹ́ ẹ fi parí ẹ̀, pé báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó dáa jù, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè ìyẹn, tí sátífíkéètì bá ti dọ́wọ́ wọn, ó parí nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ má bínú sáwọn nọ́ọ̀sì yẹn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, láti Ṣágámù títí dé apá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ohun tí mo sì ń rí kò yàtọ̀ síra. Ẹni tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní họ́ọ̀lù tó tutù, tó wá padà sí wọ́ọ̀dù tí nǹkan kan ò yí padà, tí abẹ́rẹ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò sí lórí ṣífítì, tí ẹni tó jù ú lọ níbi iṣẹ́ ò sì lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, tó ń wò ó bíi pé ó fẹ́ máa ṣe ju ara ẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ méjì ò ní pé kó tó padà sí bó ṣe ń ṣe é látijọ́. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ṣì wà lórí ni, kò tíì dọ́wọ́, yàrá ìgbẹ̀bí yín gan-an ló sì ti máa dọ́wọ́, láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó jẹ́ tiyín.

Ibi tí màá ní kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú tẹ́ ẹ fi ń wo ẹ̀jẹ̀ yẹn, torí tí wọn ò bá gbà pé ojú ń tàn wọ́n jẹ, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ̀rá kankan jáde. Ẹ se zobo kó pupa dáadáa. Kí ẹnì kan tó mọ̀wé kà, tí kò sí lára àwọn nọ́ọ̀sì, wọn 800ml nínú ike aláàmì lẹ́yìn gbogbo yín, kó da 300 sórí pádì, kó da 250 sórí ìró tó ti gbó, kó jẹ́ kí ìyókù ṣàn lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kẹ́ ẹ wá máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú kọ iye tó rò pé ó jẹ́ sórí bébà, kó má fi han ẹnì kejì. Ẹ̀yin náà ẹ kọ tiyín o, kí wọ́n rí i pé ojú ọ̀gá pàápàá ò gbé e. Tí mo bá ti ṣe é fáwọn èèyàn, ìdajì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní kọ tó 300, tó fi mọ́ àwọn tó ti ń gbẹ̀bí kí wọ́n tó bí àwọn tó kù. Ìró ti fa ẹ̀jẹ̀ mu, èyí tó wà nílẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ omi àti dẹ́tọ́ọ̀lù, èyí tó dì sínú pádì ò hàn síta. Tẹ́ ẹ bá wá sọ iye tó jẹ́ gan-an, ẹ ò ní nílò ìwàásù kankan mọ́.

Ó wá ku ti pé ṣé ọ̀nà tuntun yìí dáa jù lóòótọ́. Wọ́n ti dán an wò, wọ́n sì dán an wò dáadáa. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE, tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2023, ọsibítù 80 ni wọ́n kó sí i ní Kenya, Nàìjíríà wa níbí, South Africa àti Tanzania, àwọn ìyá tó sì fúnra wọn bímọ, tí kì í ṣe ti iṣẹ́ abẹ, lé ní 210,000. Oṣù méje àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó yí nǹkan kan padà, wọ́n kàn ń ka bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ́ kèké, apá kan nínú àwọn ọsibítù bọ́ sí ọ̀nà tuntun, apá kejì ń bá tiwọn lọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣẹ́ kèké ni pé tí wọ́n bá ní kẹ́ni tó wù kó wá, àwọn tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ nawọ́, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ọ̀nà tuntun ló ṣiṣẹ́ àbí ọwọ́ wọn ló yá látilẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fojú wò ó náà, wọ́n tẹ́ ọ̀rá tí kò ní àmì, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n wá gbé ẹ̀jẹ̀ náà sórí ìwọ̀n, bí wọ́n ṣe mọ iye tí ojú ò rí nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ya lára wọn, bíi 51 lojú rí. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀nà tuntun, 93 ni wọ́n rí. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù, nínú ẹgbẹ̀rún ìyá tó bímọ, nǹkan bíi 43 ni ọ̀rọ̀ wọn le, tí ẹ̀jẹ̀ wọn tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí wọ́n ní láti la inú wọn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ̀mí wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀. Níbi tuntun, 16 ni.

Ṣùgbọ́n Mátírọ̀n, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ṣe é o. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Ọ̀rá kàn ń sọ fún yín pé àkókò ti tó ni. Tí ọmọ bá ti jáde, tẹ́ ẹ ti fún ìyá ní oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé ọmọ le, 10 units sí itan bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe fún gbogbo ìyá, ẹ tẹ́ ọ̀rá, kó má jẹ́ ṣáájú kí ọmọ tó jáde, kí omi tó yí ọmọ ká nínú ilé ọmọ má baà dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí kan àkọ́kọ́, ní ìṣẹ́jú 15-15, kẹ́ ẹ wo àmì ara ọ̀rá, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ikùn bóyá ilé ọmọ le, kẹ́ ẹ wo BP àti bí ọkàn ṣe ń lù. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dé 300 tí BP ti ń lọ sílẹ̀, tàbí tí ọkàn ń sáré, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Tó bá dé 500, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí nǹkan kan ò tiẹ̀ ṣe é lójú yín.

Bá a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé a máa wọ́ ikùn, a dúró wò ó, a gún abẹ́rẹ́, a tún dúró wò ó, a wá dírípù, nígbà tó fi máa di pé ó yẹ ká gbé e, ilẹ̀ ti ṣú. Ti ìsinsìnyí, gbogbo ẹ̀ lẹ máa ṣe pọ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15: wíwọ́ ilé ọmọ, oxytocin, tranexamic acid (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró), dírípù, kẹ́ ẹ yẹ ojú ara wò bóyá ó ya, kẹ́ ẹ yẹ olóbì wò bóyá ó jáde tán, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìyá tọ̀. Tranexamic acid yẹn, 1 gram sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dúró lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ lè tún un fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun náà, wọ́n dán an wò lára obìnrin 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, ọdún 2017 ni èsì jáde, wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ti ń wúlò, ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá sì fi falẹ̀, ìwúlò ẹ̀ ń dín sí i. Ẹ jẹ́ kí dókítà tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i látòní, kó má baà di pé nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lóru á máa wá ẹni tó máa fọwọ́ sí i kó tó gún abẹ́rẹ́.

Nípa ti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wá báskẹ́ẹ̀tì onídèérí kan, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí i, ọ̀rá, dírípù, kánúlà, tranexamic acid, ìbọ̀wọ́, kátítà, kó wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí láìsí kọ́kọ́rọ́. Oxytocin nìkan ni kò ní sí níbẹ̀, inú fíríìjì ni tiẹ̀, 2 sí 8 digiri. Ọ̀rọ̀ iná wa níbí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, torí náà ẹ ní fúláàsìkì oníyìnyín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi tẹmómítà sínú fíríìjì, kí ẹnì kan máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Oxytocin tí ooru ti bà jẹ́, ojú ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tó dáa. Ẹ ó fún un, ilé ọmọ ò ní le, ẹ ó máa rò pé ara ìyá ló yàtọ̀.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wá kù, kò sì ní gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ọ̀kan dùbúlẹ̀ bí ìyá, kí ọ̀kan máa ka aago lórí fóònù, kí àwọn tó kù ṣe é bíi pé òótọ́ ni, báskẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni kí wọ́n fi ṣe é. Ẹ ṣe é pẹ̀lú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ ṣe é níjọ́ tó jẹ́ ènìyàn méjì péré ló wà níbẹ̀, ẹ pe ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ́ ọn torí òun ló máa sáré lọ pe dírẹ́bà. Nínú àwọn méjì tẹ́ ẹ rán lọ, ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ sọ lójú gbogbo wọn pé òun ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí, pé tó bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ẹ̀yin pàápàá ò ní dá a dúró. Mo mọ̀ pé ìyẹn ṣòro nílẹ̀ Yorùbá wa, kí ọmọdé máa pàṣẹ fún àgbà, àmọ́ mo ti rí i tí ọmọdé nọ́ọ̀sì rí àmì 500 tí kò lè sọ̀rọ̀ torí pé àǹtí tó wà níbẹ̀ ní kò tíì tó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wá mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín: kí ẹnikẹ́ni tó já ọ̀rá kankan, ẹ gbé rẹ́jísítà jáde, ẹ padà sẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìyá mélòó ló bímọ, mélòó lẹ kọ sí pé ẹ̀jẹ̀ ya lára ẹ̀, mélòó lẹ gbé lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, mélòó ló gba ẹ̀jẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa ka ìyẹn náà lóṣooṣù, kẹ́ ẹ tún fi kún un pé nínú gbogbo ìbímọ, mélòó lẹ tẹ́ ọ̀rá fún, nínú àwọn tó dé 500, mélòó ló gba gbogbo ìtọ́jú pátá láàárín ìṣẹ́jú 15, mélòó ló kọjá lítà kan.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Oṣù àkọ́kọ́ àti ìkejì, iye ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ya lára wọn nínú ìwé yín máa lọ sókè. Kí àyà yín má já, kẹ́ ẹ má sì sọ pé ọ̀nà tuntun ló fà á. Wọ́n ti wà níbẹ̀ látijọ́, ojú ni kò rí wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó kọjá lítà kan, tàbí tí wọ́n gbé lọ láìlè dá jókòó, ni kẹ́ ẹ fi wọn ọ̀rọ̀ náà. Torí pé ilé kékeré ni tiyín, ẹ má fi oṣù kan dájọ́, oṣù kan lè dáa oṣù kejì lè burú láìnídìí, ẹ kó o pọ̀ di oṣù mẹ́fà mẹ́fà kẹ́ ẹ tó fi wéra.

Mo sì bẹ̀ yín, Mátírọ̀n, ẹ má fi rẹ́jísítà yẹn fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ẹ má gé owó ẹnikẹ́ni, ẹ má fi bú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣe é ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 300 fún ìyá tó pàdánù 700, ẹ ò sì tún ní mọ nǹkan kan mọ́. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ jókòó lọ́jọ́ kejì, ẹ bi ara yín pé kí ló pẹ́ jù, ṣé abẹ́rẹ́ ni, ṣé ẹni tá a pè tí kò gbé fóònù ni.

Ọ̀rá lè tán, ó sì lówó lórí. Tí kò bá sí, ẹ tẹ́ ọ̀rá nylon tó mọ́, ẹ da ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ sínú ike aláàmì, ẹ gbé pádì sórí ìwọ̀n ọmọ, kẹ́ ẹ yọ ìwúwo pádì gbígbẹ kúrò, gíráàmù kan ni ẹ kà sí 1ml. Kò rọrùn tó ọ̀rá o, ṣùgbọ́n ó sàn ju ojú lọ fíìfíì.

Ti gbígbé lọ: ẹ ní nọ́ńbà dírẹ́bà méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, lára ògiri. Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ Ojúde Ọba, ẹ mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí, ọkọ̀ ò ní rìn. Lásìkò Agẹmọ, àwọn ojú ọ̀nà kan wà tí obìnrin ò lè gbà, nọ́ọ̀sì tó sì máa tẹ̀ lé aláìsàn, obìnrin ni. Ẹ ti mọ ọ̀nà míì sílẹ̀ kó tó dọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì tètè pe ọsibítù tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lọ kí ọkọ̀ tó ṣí. Lórí bébà tẹ́ ẹ máa fún wọn, ẹ kọ iye ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá, aago tẹ́ ẹ fún un ní oxytocin, aago tẹ́ ẹ fún un ní tranexamic acid àti iye tẹ́ ẹ fún un, kí dókítà tó máa gbà á níbẹ̀ má baà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.