Ṣé Ìjọba Yóò Gba Owó Ìrànwọ́ Lọ́wọ́ Mi Bí Mo Bá Padà Sẹ́nu Iṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Houston ni mo ń gbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe kí eegun ẹ̀yìn mi tó yẹ̀ níbi tí mo ti ń gbé aláìsàn kan, láti ọdún 2022 ni mo sì ti ń gba owó ìrànwọ́ aláìlera tí àjọ Social Security ti ìjọba Amẹ́ríkà ń san, tí wọ́n ń pè ní SSDI. Ní báyìí, ọ̀gá ilé ìtajà kan fẹ́ kí n máa jókòó gba ìpè tẹlifóònù fún òun. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní bí mo bá gba dọ́là kan péré, ìjọba yóò dá owó mi dúró, nítorí náà kí ọ̀gá náà máa fún mi lówó lábẹ́lẹ̀, láìsí ìwé. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé yín ní Texas.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, arákùnrin wa. Ọ̀rọ̀ dọ́là kan yẹn kì í ṣe òótọ́, ìmọ̀ràn kejì sì léwu ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Òfin SSDI fàyè oṣù 9 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dán iṣẹ́ wò, kò sì pọn dandan kí àwọn oṣù náà tẹ̀ léra, bí wọ́n bá ṣáà ti bọ́ sáàárín oṣù 60. Ní ọdún 2025, oṣù tí owó iṣẹ́ yín bá ju dọ́là 1,160 lọ, kí wọ́n tó yọ owó orí, nìkan ni wọ́n kà mọ́ 9 náà. Iye yòówù kí ẹ gbà nínú wọn, owó ìrànwọ́ yín yóò máa wọlé láìdín, níwọ̀n ìgbà tí àìlera náà bá ṣì wà, tí ẹ sì ti fi tó Social Security létí pé ẹ ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀gá yín bá ń san dọ́là 900 lóṣù, wọn kò tilẹ̀ tíì kà á mọ́ ọn rárá.

Lẹ́yìn náà ni oṣù 36 mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀, tí wọn ó máa wo oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Oṣù tí owó iṣẹ́ bá ju ààlà lọ (dọ́là 1,620 ni ní ọdún 2025, 2,700 ni ti afọ́jú), wọn kò ní san owó ìrànwọ́, àyàfi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ojú àánú; oṣù tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọn á san án. Ohun tí ẹ bá fi owó ara yín rà nítorí àìlera náà kí ẹ lè ṣiṣẹ́, irú bí ìgbànú ẹ̀yìn tí dókítà ní kí ẹ máa wọ̀, ṣeé yọ kúrò nínú ìṣirò yìí, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì jẹ́ kí owó náà dúró pátápátá, tí ẹ̀yìn tún wá kọ̀, ẹ ní ọdún 5 láti ní kí wọ́n dá a padà láìkọ ìwé tuntun. Medicare, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù pé yóò lọ, kì í kúrò fún ó kéré tán oṣù 93 lẹ́yìn sáà ìdánwò náà.

Ẹni tó ń gba SSI, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún aláìlera tàbí arúgbó tí kò lówó lọ́wọ́, ní ìṣirò tirẹ̀: wọ́n á yọ dọ́là 85 kúrò nínú owó iṣẹ́, wọ́n á sì dín ìdajì ìyókù kù lára owó ìrànwọ́.

Ní ti owó abẹ́lẹ̀, wàhálà àfọwọ́fà ni. Bí Social Security bá gbọ́ lẹ́yìn ọ̀la, wọn lè béèrè gbogbo owó tí wọ́n ti san, kí wọ́n sì pè é ní jìbìtì. Ẹ gba iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìwé, ẹ tètè sọ fún wọn, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti sọ ọ́, kí ẹ sì kó o pọ̀ mọ́ ìwé owó oṣù yín sínú fáìlì kan. Òfin náà dára, àmọ́ lẹ́tà tí wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀ lè da orí agbẹjọ́rò rú. Nítorí náà, ẹ béèrè fún olùdámọ̀ràn WIPA, ètò tó ń gba ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ nímọ̀ràn lórí iṣẹ́, ní agbègbè yín, kí ó bá yín ṣírò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì bi í nípa Ticket to Work, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ran ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ aláìlera lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́, tí òfin ọdún 1999 dá sílẹ̀ fún ẹni ọdún 18 sí 64.