Ìṣẹ́jú 3 ti púùlù kọ́ ni ti inú ihò òkun

Àbúrò, o ní o ti ń sé èémí fún ìṣẹ́jú 3 nínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì ní Wuse, pé ìwọ àti ìyàwó ń lọ sí Zanzibar lóṣù Kejìlá, ẹnì kan níbẹ̀ sì ti ṣèlérí pé òun á mú yín mòòkùn wọnú ihò abẹ́ òkun láìgbé àgbá atẹ́gùn. O wá ń béèrè bóyá ìṣẹ́jú 3 yẹn tó. Kò tó o.

Gwarinpa ni mo wà, púùlù lèmi náà fi kọ́ ọ kí n tó lọ síbẹ̀. Nínú púùlù, ńṣe lo dojú bolẹ̀ tó ò mira. Nínú ihò, ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àyà ń já, èémí yẹn lè má pé ìṣẹ́jú 1. Nínú òkun gbangba, bí ara bá fẹ́ mí, wàá yọrí. Nínú ihò, òkúta ló wà lókè orí rẹ. Má ná ju ìdá kan nínú mẹ́ta èémí rẹ ní wíwọlé.

Iyùn àtijọ́ tó ti di òkúta ni etíkun ibẹ̀, ó rí ṣákiṣàki, ó ń bó èèyàn lára. Ẹni tó ṣíwájú mi fẹsẹ̀ gbá iyanrìn ilẹ̀ ihò, omi funfun bí omi ògì, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ìgbì tì wá síwájú, ó tún fà wá padà, orí mi gbá òrùlé. Ọwọ́ òsì mi tí mi ò gbé kúrò lára ògiri látìgbà tí mo ti wọlé ni mo fi táràrà jáde. Ẹni tó mú wa lọ kò ní okùn, kò ní tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tá a yọrí.

Wọ́n á ní kó o mí hẹlẹhẹlẹ ṣáájú kó o lè pẹ́ nísàlẹ̀. Má dán an wò. Kábọ́nù dayọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ tí ara ń mí síta, ni mímí bẹ́ẹ̀ ń lé jáde, òun ló sì ń jẹ́ kí àyà pariwo pé o fẹ́ mí. Láìsí ariwo yẹn, wàá dákú láìfura, pàápàá ní bíbọ̀ sókè. Òmùwẹ̀ ló ń bá omi lọ: ní 2017, ní Blue Hole, ihò jíjìn kan nínú òkun ní Dahab ní Íjíbítì, Stephen Keenan, tó jẹ́ pé ṣíṣọ́ àwọn tó ń mòòkùn niṣẹ́ rẹ̀, kú níbi tó ti lọ gba Alessia Zecchini, obìnrin kan tó ń mòòkùn, là.

Ọyẹ́ Abuja tún ń bọ̀. Bí ọ̀fìnkìn bá dí ọ nímú, etí rẹ ò ní là lábẹ́ omi, mítà díẹ̀ péré á ti dùn ọ́ wọra. Dúró sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, má lo oògùn láti fi tan ara ẹ jẹ.

Béèrè ìgbà tí òkun ń fà, torí ó lè fi mítà 4 ga sí i nígbà tó bá kún, àlàfo afẹ́fẹ́ inú ihò tẹ́ ẹ ti mí láàárọ̀ á ti kún fómi lọ́sàn-án. Bí ìwọ bá lọ sísàlẹ̀, kí ìyàwó wà lókè, kó máa wò ọ́. Ibi tó o bá ti ń rí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ihò nìkan ni kó o dé.